Ta Ló Ń Ṣe Ìpinnu Nínú Fíìmù Náà?

Bí a bá wo àwọn pátákó ìpolówó fíìmù tí wọ́n ń gbé jáde lóde òní, a ó rí i pé obìnrin ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti bọ́ sí àárín. Òun ló di idà mú, òun ló wọ aṣọ olówó iyebíye, òun ló fi ojú líle wo ẹni tó ń kọjá lọ, àwọn ọkùnrin sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Inú mi ń dùn sí i, nítorí pé obìnrin ni mí, mo sì ní ọmọbìnrin méjì tí wọ́n fẹ́ràn fíìmù ju ìwé lọ. Síbẹ̀, mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ títí dé òpin kí n tó rí i pé obìnrin orí pátákó náà kò ṣe ohunkóhun tó yí ìtàn padà. Àwọn ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Òun kàn ń pariwo, ó ń sunkún, ó sì ń pààrọ̀ aṣọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé fíìmù kan gbé obìnrin ga, ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni pé bí a bá yọ ìpinnu obìnrin náà kúrò, ṣé ìtàn yóò ṣì lè rìn? Bí ó bá lè rìn, a jẹ́ pé ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán ni wọ́n fi í ṣe.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, kò sì sí bí ọmọ Ìjẹ̀bú yóò ṣe sọ̀rọ̀ fíìmù Yorùbá tí kò ní kọ́kọ́ dárúkọ Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà, tí wọ́n bí ní ọdún 1916. Bàbá náà sọ eré ìtàgé di iṣẹ́ òòjọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ka eléré sí alágbe, ó sì fún obìnrin láyè lórí ìtàgé nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn sún mọ́ ibẹ̀. Ó fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ sílé, kí ẹgbẹ́ má baà pàdánù wọn sílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa: láyé ìgbà náà, bí obìnrin bá fẹ́ fi eré jẹun, ó sàn kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Ògúndé wá bọ́ sídìí fíìmù, tí ó gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979 àti Jáiyésinmi ní ọdún 1980, àwọn àjẹ́ ni wọ́n ni agbára nínú wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá tó ń bá wọn jà. Fíìmù wọ̀nyẹn dẹ́rù bà wá púpọ̀ nígbà èwe wa. Èmi kò dá bàbá náà lẹ́bi, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù nínú ilé wọn ló gbé síwájú wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìdiwọ̀n tèmi wọ̀n wọ́n, ìdáhùn tó ń jáde ń yà mí lẹ́nu: àwọn àjẹ́ yẹn ń pe ìpàdé, wọ́n ń gbìmọ̀, wọ́n ń pinnu, wọ́n sì ń ṣe ohun tí wọ́n pinnu, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹkún ni ọ̀pọ̀ obìnrin rere máa ń sun nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Ohun tí èyí kọ́ àwa ọmọdé ni pé obìnrin tó bá ń gbìmọ̀, ibi ló ń rò.

Irú ojú yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa rẹ̀, tí Bankole Bello sì sọ di fíìmù ní ọdún 1981, fi í hàn gẹ́gẹ́ bí ìkà tí kò fẹ́ kí ẹrúbìnrin rẹ̀ bímọ, tí ó sì ń pàṣẹ kí wọ́n bẹ́ wọn lórí. Eré náà dára púpọ̀, mo sì mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí. Ẹni tó bá ka ìtàn yóò tún rí apá mìíràn: oníṣòwò tó ń fún àwọn ológun Ìbàdàn ní ohun ìjà láwìn, tí wọn kò san án padà, tí òun náà sì wá kọ̀ láti fún wọn mọ́. Ní ọdún 1874 ni wọ́n pa á nígbà Ààrẹ Látòósà, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n sì lò láti ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti ṣe iṣẹ́ ńlá láti mú kí a rí i gẹ́gẹ́ bí olóṣèlú. Èmi kò ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí pé ó ní ẹrú púpọ̀, ẹrú sì jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbèsè àwọn ológun yẹn, àti ọjọ́ tó ní òun kò ta láwìn mọ́, fíìmù odindi wà nínú rẹ̀.

Ìyá mi, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó sì fi gàrí yíyan tọ́ wa, kì í béèrè ìbéèrè tèmi. Tirẹ̀ ni pé, "Iṣẹ́ wo ni obìnrin yẹn ń ṣe?" Bí ó bá ti rí obìnrin tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì, tó ń fi ìka pàṣẹ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, ìbéèrè náà ti jáde nìyẹn, bí fíìmù náà bá sì dé ìdajì tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá a lóhùn, yóò tún un béèrè. Lọ́jọ́ kan, a ń wo eré kan tí wọ́n ti fi opó kan hàn tó ń yan gàrí láti fi rán ọmọ rẹ̀ níléèwé, ìyá mi sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Òṣèré náà jókòó síwájú agbada, ó fi ìka méjì di àwẹ́ igbá mú, ó ń tu gàrí sókè díẹ̀díẹ̀. Èéfín kò sí, òógùn kò sí, gèlè orí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ìyá mi ní, "Ìyẹn ò yan gàrí rí." Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde láti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn ọmọ mi: ẹ̀yìn igbá ni wọ́n fi ń tẹ gàrí mọ́ ara agbada, wọn á fà á wá sọ́dọ̀ ara wọn, wọn á tún tì í padà lọ kí ó má baà di kókó, ojú kì í sì í kúrò níbẹ̀, nítorí pé kí ènìyàn tó dáhùn ìkíni ẹni tó ń kọjá tán, ìsàlẹ̀ ti jó. Nígbà tó na ọwọ́ yẹn ni ọmọ mi kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọwọ́ ọ̀tún Màmá àgbà dúdú ju ti òsì lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ooru agbada ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo gbà pé ìbéèrè ìyá mi jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Ìdí iṣẹ́ ni ìpinnu obìnrin ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ìpinnu ló kún inú rẹ̀: ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin yóò lò kí ó tó kan, ìgbà wo ni kí wọ́n tú àpò lábẹ́ jáàkì, ta ni kí wọ́n tà fún láwìn, ta ni wọn kò gbọdọ̀ tà fún láwìn láéláé. Obìnrin tó ti ń ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, bí ó bá dé iwájú ọkọ tàbí ìjòyè, ohùn rẹ̀ ti gbó. Àwọn tó ń kọ fíìmù tí wọn kò mọ iṣẹ́ obìnrin náà kò lè mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá, wọn á sì fi ariwo rọ́pò rẹ̀.

Bóyá ìdí nìyí tí fíìmù tí Bọ́láńlé Austen-Peters ṣe nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó dé sinimá ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, fi wọ ìyá mi lára. Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ló ṣe é nígbà tó dàgbà, Joke Silva sì ṣe é nígbà ogbó. Àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde ní ìdí tiwa láti jókòó tì í. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ fẹ́ Àlùfáà Israel Ransome-Kuti ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1925, ìlú wa ni ó kó wá, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama Ìjẹ̀bú-Òde láti ọdún 1919 títí di 1932. Níbí ni wọ́n ti bí ọmọ wọn Olikoye ní ọdún 1927, ẹni tó di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn ọ̀la. Ìyẹn ni pé obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Abẹ́òkúta ti rin àwọn òpópónà wa fún ọdún púpọ̀ kí ìjà owó orí tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alákọ̀wé ṣe di ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà. Òun ló jẹ́ ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta ní ọdún 1914, ó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó, ó sì ní ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti oúnjẹ síse. Bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe mú ẹjọ́ ìrẹsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wọn wá bá a, tí wọ́n sì sọ bí owó orí ṣe ń ni wọ́n lára, ẹgbẹ́ náà yí padà. Ní ọdún 1946 ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó sì ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá kí àwọn ìyá ọlọ́jà lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kí ẹni tí kò gbọ́ wá ògbufọ̀ tirẹ̀. Ìpinnu ni gbogbo ìyẹn, kò sì sí idà nínú rẹ̀. Wọ́n lọ dúró síwájú ààfin láti tako owó orí náà, nígbà tó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, kúrò lórí oyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀sùn tí mo fi kan fíìmù náà ni pé ó ń sáré. Láti ìgbà èwe dé ìgbéyàwó dé ìjà, ó fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ hàn, ó sì kọjá lára àwọn ibi tí ó yẹ kí ó jókòó sí. Ìyá mi ní ẹ̀sùn tirẹ̀: ó fẹ́ mọ ẹni tó ń bá wọn ṣọ́ ìsọ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo wọn lọ dúró sí iwájú ààfin, àti iye tí ata tó bàjẹ́ ná wọn. Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá ní kí n mú fíìmù kan ṣoṣo fún ọmọbìnrin tó ń dàgbà, 93 Days ni n ó mú, èyí tí Steve Gukas darí ní ọdún 2016. Bímbọ́ Akíntọ́lá ló ṣe Dókítà Ameyo Adadevoh nínú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan láti Làìbéríà dé Èkó, ó ṣubú ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí dókítà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ibà. Dókítà náà wò ó, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ara fu ú pé Ebola ni, ó sì ní ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ jáde. Àwọn ènìyàn ńlá ń pè, wọ́n ń halẹ̀, wọ́n ní ó ń fi ẹ̀tọ́ ènìyàn dù ú, nítorí pé ọkùnrin náà ní ìpàdé pàtàkì tó fẹ́ lọ ní Calabar. Obìnrin náà ní rárá. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, Ebola ni lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn kú, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́dún yẹn. Níbí, àwọn ènìyàn jí lóru fi omi iyọ̀ wẹ̀ nítorí àhesọ tó ń lọ lórí fóònù, a kò bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jókòó nítòsí ẹni tó ń húkọ́ nínú ọkọ̀ Èkó. Gbogbo ìbẹ̀rù yẹn, ẹnu ọ̀nà yàrá ìwòsàn kan ni wọ́n ti dí i. Mo fẹ́ràn bí Akíntọ́lá ṣe ṣe é: kò lọgun, kò na ìka sí ẹnikẹ́ni, ó dúró bí ẹni tó ti ń wo aláìsàn láti ọdún pípẹ́, tó mọ ohun tó rí, tí kò sì ní sọ pé òun kò rí i. Bí ẹ bá yọ "rárá" yẹn kúrò, kò sí fíìmù mọ́, bóyá àwa pàápàá ì bá má sì sí níbí láti wò ó.

Citation, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní ọdún 2020, tún wà ní ẹ̀bá ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń jẹ́ Mọ́remí fi ẹjọ́ olùkọ́ tó fẹ́ bà á jẹ́ sun, ó sì jókòó síwájú ìgbìmọ̀ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn ń bọlá fún olùkọ́ náà. Fíìmù náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì rò pé ìrìn-àjò inú rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ọmọ mi àgbà wò ó kí ó tó wọ yunifásítì.

Ní ti King of Boys, tí Kẹ́mi Adétiba gbé jáde ní ọdún 2018, kò sí ẹni tó lè sọ pé Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé kì í ṣe òpó fíìmù náà. Ẹnìolá Sàlámì ń pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìpinnu rẹ̀ ń pa ènìyàn, ó sì ń pa òun náà lára. Mo gbádùn rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ọmọ mi dà bí rẹ̀, méjèèjì sì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, tó sì jẹ́ fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá, ni mo ní iyè méjì sí. Ìyá tó dá tọ́ ọmọkùnrin márùn-ún ni olú ẹ̀dá ìtàn, ṣùgbọ́n àìsàn dá a gúnlẹ̀, àwọn ọmọ sì lọ gbìmọ̀ olè jíjà láti fi tọ́jú rẹ̀. Ìfẹ́ tí a ní sí ìyá náà ló ń ti fíìmù náà lọ, ìpinnu àwọn ọmọ ló ń darí rẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó pa mí lẹ́kún, àmọ́ fíìmù àwọn ọmọkùnrin ni.

Nípa The Woman King, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2022, tí Viola Davis sì jẹ́ ọ̀gágun àwọn obìnrin ológun Dáhómè nínú rẹ̀, ojú Yorùbá kò lè wò ó bí ojú àjèjì. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ọ̀tá nínú rẹ̀, àwọn sì ni wọ́n ń kó ẹrú. Pé Ọ̀yọ́ ta ẹrú, òótọ́ ni. Pé Dáhómè náà tà, tí àwọn obìnrin ológun yẹn sì bá wọn kó o, òótọ́ ni pẹ̀lú, fíìmù náà sì fọwọ́ bò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn Ẹ̀gbá mọ àwọn obìnrin náà dáadáa, nítorí pé Dáhómè gbógun wá bá Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn nígbà méjèèjì. Ẹni tó sì wà lára àwọn tó pèsè ohun ìjà fún Ẹ̀gbá ni Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò tí wọ́n fi jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864, tí òun náà ti ṣòwò ẹrú rí. Obìnrin ológun lẹ́yìn odi, obìnrin oníṣòwò nínú odi, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá lè ṣe fíìmù yẹn láìsọ ẹnikẹ́ni di áńgẹ́lì, n ó kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n fíìmù tí mo ń retí jù wà nítòsí wa níbí, ní Òkè-Ẹ̀rì. Ibẹ̀ ni ibojì tí wọ́n pè ní ti Bílíkísù Súńgbọ́ wà, tí àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń wọ́ lọ lọ́dọọdún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní opó olówó ni, kò bímọ, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà ńlá yí ilẹ̀ náà ká kí orúkọ òun má baà parun. Ẹrẹ́dò náà ṣì wà nínú igbó títí di òní: odi àti yàrà tó yí ilẹ̀ ká fún nǹkan bíi ọgọ́jọ kìlómítà, tí ó ga tó ogún mítà láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Àwọn kan ní òun ni Ayaba Ṣébà inú Ìwé Mímọ́, ṣùgbọ́n Ṣébà ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ yàrà yìí. Èyí tó tún wá ṣòro fún mi láti gbé mì ni pé èèwọ̀ ni fún obìnrin láti wọ inú ọgbà ibojì náà. Obìnrin ni wọ́n ní ó wà nínú ilẹ̀, obìnrin ni kò gbọdọ̀ wọlé kí i. A mọ èèwọ̀ dáadáa ní Ìjẹ̀bú, àwa tí a máa ń sé ara wa mọ́lé tí Agẹmọ bá ń bọ̀, n kò sì ní kí wọ́n fọ́ ọ. Kámẹ́rà kò nílò láti wọ ibẹ̀.

Ó lè lọ sí ibi tí iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀. N kò fẹ́ kí fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú adé tàbí pẹ̀lú ìràwọ̀ tó ń já bọ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú opó kan tó jókòó pẹ̀lú àwọn baálé, tí wọ́n jọ ń dúnàádúrà iye ọwọ́ tí abúlé kọ̀ọ̀kan yóò mú wá, ẹni tí yóò bọ́ wọn, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí oko wọn bí òjò bá dé tí ọkọ́ wọn sì wà nínú yàrà. Kí baálé kan kọ̀. Kí a rí ohun tí obìnrin náà ṣe sí ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti mọ irú ẹni tó jẹ́, bóyá ẹ̀bẹ̀ ni, bóyá owó ni, bóyá ìkà ni. Abúlé fíìmù tí Ògúndé fi sílẹ̀ wà ní Ọ̀sọ̀sà, kò sì jìnnà. Bí olùdarí eré kan bá ń ka èyí, tó sì fẹ́ wá wo Ẹrẹ́dò fúnra rẹ̀ kí ó tó kọ ohunkóhun, kí ó wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì wọ bàtà tó nípọn, nítorí pé bí òjò bá ti rọ̀, etí yàrà náà máa ń yọ̀ púpọ̀.